Ohùn wo ló tó walẹ̀ sí? Bí a ṣe ń fi etí ya fàdákà kúrò lára ìṣó lórí pápá

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wa ìṣó nílẹ̀ Kent. Mo ra dítẹ́kítọ̀ (ẹ̀rọ tí wọ́n ń fì lórí ilẹ̀ láti wá mẹ́tàlì tó sin sísàlẹ̀), mo gba àyè lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan, mo wọ bàtà òjò, mo sì ń gbẹ́ gbogbo ohun tó bá ti dún. Ìṣó, ìdérí ìgò bíà, ẹyọ ẹ̀wọ̀n kan tó já, ìṣó. Ẹ̀yìn ń ro mí, ìyàwó mi sì ń bi mí bóyá iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo tìtorí ẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú wá. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ẹ̀rọ náà ti ń sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀ pé ìṣó ni. Èmi ni n kò gbédè rẹ̀.

Ẹni tó ti ní ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin ará wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí oko ibẹ̀ ni mo mọ̀. Níbi tí mo bá ti kọ “irin dúdú”, irin gidi tó ń dógùn-ún ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe mẹ́tàlì gbogbo.

Òfin ṣáájú, kò gùn. Gbogbo ilẹ̀ ló ní olóhun: ẹ gba àyè, ó sì sàn kó wà lórí ìwé. Ibi tí ìjọba bá ti kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, òfin ọdún 1979 kò fàyè gbà á kí ẹ gbé ẹ̀rọ yìí débẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá rí ohun èlò wúrà tàbí fàdákà tó ti lé ní 300 ọdún, tàbí owó wúrà tàbí fàdákà méjì sókè tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan náà, Treasure Act (òfin ìṣúra) ti 1996 ní kí ẹ jẹ́ kí kọ́rọ́nà (òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ikú àti ìṣúra) gbọ́ láàárín ọjọ́ 14. Òṣìṣẹ́ Portable Antiquities Scheme (ètò tó ń kọ ohun àtijọ́ tí ará ìlú bá rí sílẹ̀) tó wà ní agbègbè yín á bá yín ṣe é. Tí ẹ bá kọjá sí Scotland tàbí Northern Ireland, òfin yàtọ̀, ó sì le ju èyí lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tí ohùn náà jẹ́

Àwo roboto tó wà nídìí ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní kọ́ìlì, ni ẹnu rẹ̀, òun náà sì ni etí rẹ̀. Ó ń rán agbára mágínẹ́ẹ̀tì sínú ilẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí agbára yìí bá kan mẹ́tàlì, iná mànàmáná kékeré á máa pòyì nínú mẹ́tàlì náà, iná yẹn á sì dá èsì padà sókè. Bí èsì náà ṣe lágbára tó, àti bí ó ṣe falẹ̀ tó kó tó dé, ni ẹ̀rọ ń wọ̀n. Fàdákà nípọn àti bàbà nípọn máa ń falẹ̀ gan-an. Fóìlì tín-ín-rín kì í falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Irin dúdú ní tiẹ̀ jẹ́ oníwà méjì: mágínẹ́ẹ̀tì ń fà á, iná sì tún ń pòyì nínú rẹ̀, èsì méjèèjì sì ń ta kora wọn. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi máa ń já, tó sì máa ń yí.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ kò mọ wúrà, kò mọ fàdákà. Bí nǹkan ṣe tóbi, bó ṣe nípọn, bí iná ṣe ń rìn nínú rẹ̀ sí, gbogbo rẹ̀ ló kó pọ̀ di ohùn kan ṣoṣo.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló pín ohùn yìí sí mẹ́ta, ó kéré tán, a sì lè pè wọ́n ní dò, re, mí bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ wa. Dò ni irin dúdú: ìṣó, wáyà, ègé ohun ìtúlẹ̀. Mí ni bàbà àti fàdákà tó nípọn, pẹ́nì àtijọ́, ṣílè àtijọ́, àti agolo alumíníọ́mù odidi. Gbogbo ìyókù ló há sórí re: fóìlì ṣìgá, òrùka tí wọ́n fi ń ṣí agolo, bọ́tìnnì, òjé kékeré, ìdí ọta ìbọn ọdẹ, òrùka wúrà, àti owó fàdákà tín-ín-rín ti ayé àtijọ́. Ẹni tó bá ní “mí nìkan ni mò ń wà” ti dágbére fún wúrà nìyẹn.

Ẹni tó ti ń gbọ́ ìyàtọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀ láti kékeré ti ní etí fún iṣẹ́ yìí. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ náà wúlò, àmọ́ ó máa ń fò sókè sódò bí nǹkan bá jìn tàbí tí irin dúdú bá wà nítòsí. Èmi kì í wò ó àfi tí etí mi bá ti dájọ́ tán.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́ etí yín nílé

Ẹ wá àga oníke tàbí tábìlì tí kò ní ìṣó nínú. Ẹ dá ẹ̀rọ dùbúlẹ̀ kí kọ́ìlì kọjú sókè, kí ẹ máa fi nǹkan kọjá níwájú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: ìṣó, ìdérí ìgò, fóìlì tí ẹ rún, òrùka agolo, òrùka ìgbéyàwó (ẹ tọrọ rẹ̀ kí ẹ tó mú un o), àti síkísípẹ́nnì àtijọ́ kan. Ẹ lè rí síkísípẹ́nnì rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lówó pọ́ọ́kú, àmọ́ ẹ wo ọdún ara rẹ̀: láti 1920 sí 1946, ìdajì rẹ̀ ni fàdákà, láti 1947, kò sí fàdákà nínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú, kí ọmọ yín máa mú wọn kọjá, kí ẹ̀yin máa dárúkọ. Àwọn ọmọ tèmi fẹ́ràn eré yìí ju èmi fúnra mi lọ, torí pé èmi ni mo máa ń kùnà.

Ẹ wá mú owó pẹ́nì kan (1p) ti ìsinsìnyí méjì, ọ̀kan ti 1985, èkejì ti 2005. Ojú kan náà, àwọ̀ kan náà. Ti 1985 á dún mí, á sì mọ́ lóló. Ti 2005 á máa ṣe bí ẹni tó ń kólòlò, ó ga, ó wálẹ̀, ó tún ga. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án, ẹ ó rí i pé ó lẹ̀: láti 1992 ni wọ́n ti ń fi bàbà bo irin dúdú láti fi ṣe pẹ́nì. 5p àti 10p náà di irin tí wọ́n bo láti 2012. Ẹ gbọ́ pẹ́nì 2005 yẹn dáadáa. Bí irin dúdú tó wọ aṣọ bàbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ìdérí ìgò bíà sì fẹ́ jọ ọ́. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́nì tiwọn: 1982 ni wọ́n kúrò lórí bàbà bọ́ sórí síǹkì, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí ẹ ṣe máa to ẹ̀rọ

Ẹ lo hẹ́dífóònù. Atẹ́gùn oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á gbé ohùn kékeré lọ mọ́ yín lójú, àwọn ohùn kékeré yẹn gan-an la sì ń wá.

Ẹ̀rọ púpọ̀ ní ibi tí ẹ ti lè pa irin dúdú lẹ́nu mọ́ pátápátá. Ẹ má pa á. Ẹ dín ariwo rẹ̀ kù kó má kàn yín lágara, kó máa kùn lábẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá pa á, ibi tí ìṣó àti owó bá jọ wà, ẹ̀rọ lè fi ìdákẹ́jẹ́ ìṣó bo ohùn owó mọ́lẹ̀, ẹ ó sì kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ibi tí ìṣó bá pọ̀ sí ni ilé wà rí. Èmi máa ń tẹ̀lé ìkùn irin dúdú yẹn bí ẹni tó ń tẹ̀lé òórùn ọbẹ̀ lọ sílé ìdáná.

Ẹ má gbé agbára ẹ̀rọ dé góńgó. Bó bá ń ta wíríwírí láìsí nǹkan nílẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí táá fi dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó wọ̀n bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa fì í jẹ́jẹ́, kí kọ́ìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kó má sì gòkè ní ìparí fífì bíi ti ẹni tó ń gbálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fọ̀rọ̀ wá ohùn náà lẹ́nu wò

Ohùn ti dún. Ẹ má tíì mú ṣọ́bìrì. Ẹ dúró lójú kan, kí ẹ dín fífì kù kó kàn máa kọjá lórí ibẹ̀ ní ṣókí-ṣókí, kí ẹ sì máa bi í léèrè bí adájọ́ ṣe ń bi ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí tó bá ń yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé lálọ-lábọ̀ ló ń dún? Bó bá jẹ́ pé láti ọ̀tún wá sí òsì ó sọ mí, tí ẹ sì dá a padà tó sọ dò tàbí tó dákẹ́, irin dúdú ni lọ́pọ̀ ìgbà. Owó a máa sọ ohun kan náà nígbà méjèèjì.

Ìkejì, ẹ yí ara yín ká. Ká ní ẹnu ọ̀nà yàrá lẹ dúró sí, ẹ rìn lọ síbi fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kí ẹ wá fì í láti ibẹ̀. Owó roboto kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ wà. Ìṣó gùn, nítorí náà ohùn rẹ̀ á yàtọ̀ bí ẹ bá fì í ní òró àti bí ẹ bá fì í ní ìbú. Ìgbésẹ̀ kan yìí ló gba ẹ̀yìn mi sílẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì ihò tí mo máa ń gbẹ́ ni n kò gbẹ́ mọ́.

Ìkẹta, ẹ gbọ́ etí ohùn, bó ṣe wọlé àti bó ṣe jáde. Ohùn rere máa ń wọlé jẹ́jẹ́, á kún, á sì jáde jẹ́jẹ́, róbótó bí ẹyin. Ti irin dúdú máa ń já lójijì, bí ìgbà tí ọ̀bẹ gé okùn, tàbí kó ní ìfọ́fọ̀ọ́ létí bí aṣọ tí kò ní ìṣẹ́tí. Àárín rẹ̀ lè dùn, àmọ́ etí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n.

Ìkẹrin, ẹ gbé kọ́ìlì sókè díẹ̀díẹ̀, tó ìbú ọwọ́ kan, tó ìbú ọwọ́ méjì. Ohùn owó á rọra kú. Bí ẹ bá gbé e dé orókún tó ṣì ń pariwo, nǹkan ńlá ni: agolo, páànù, abẹ ohun ìtúlẹ̀. Kẹ́ ẹ sì rántí pé irin dúdú tó tóbi, tó pẹlẹbẹ, máa ń tan ẹ̀rọ jẹ títí táá fi sọ mí bíi fàdákà. Gbígbé sókè yìí ni yóò tú u fó.

Ìkarùn-ún, ẹ fi ojú sàmì sí ibi tí ohùn ti dùn jù, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì tí ẹ̀rọ fi ń tọ́ka síbi tí nǹkan wà gan-an. Bí ibi méjèèjì bá ṣe déédéé, ó dára. Bó bá fi ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìró èké ni. Ìṣó wà lọ́hùn-ún, ohùn dídùn rẹ̀ sì ń jáde níhìn-ín.

Mo gbọ́dọ̀ ba òfin mi jẹ́ díẹ̀ níbí. Níbi tí ilé àtijọ́ wà rí, tí ìṣó kún bí erùpẹ̀, owó tó sùn ti ìṣó lè máà sọ̀rọ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ìṣó á máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Níbẹ̀, bí ohùn gíga bá dún láti ẹ̀gbẹ́ kan péré, àmọ́ tó ń dún lójú kan náà gan-an nígbà gbogbo tí ẹ bá padà débẹ̀, ẹ wà á. Ìró èké kì í dúró sójú kan. Bí ẹ ṣe ń yí ká ló máa ń sún.

Àwọn òpùrọ́ tó gbajúmọ̀

Ìdérí ìgò bíà ni olórí wọn. Ó pẹlẹbẹ, ó roboto, ohùn rẹ̀ sì lè dùn lálọ-lábọ̀. Bí ẹ ṣe máa mú un rèé: ẹ máa fì í ṣókí-ṣókí lórí rẹ̀, kí ẹ sì máa fa kọ́ìlì padà sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ku etí iwájú kọ́ìlì nìkan lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ owó, ohùn kan náà ni yóò máa rẹlẹ̀ lọ títí tó fi parẹ́. Ní ti ìdérí, bí etí kọ́ìlì bá ti ń kúrò lórí rẹ̀ ni yóò fọ́ wúruwùru, tí dò á já jáde nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí dánra wò nílé kí ẹ tó lọ. Ẹ ò ní gbàgbé rẹ̀ láé.

Òrùka agolo, àtọwọ́dá Ermal Fraze, ará Ohio ní Amẹ́ríkà, tó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ó rọrùn fún ẹni tó ń mu, ó di ìyà fún àwa tí à ń walẹ̀, nítorí nígbà náà, jíjá ni wọ́n máa ń já a sọnù. Èyí tí ìrù rẹ̀ ṣì wà lára máa ń ní ìparí ohùn tí kò mọ́. Èyí tí kò nírù jọ òrùka wúrà débi pé n kò mọ ẹnikẹ́ni tó lè fi etí yà wọ́n. Bákan náà ni idẹ ìdí ọta ìbọn ọdẹ: róbótó, ó mọ́, ó dùn láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, kò sì wúlò fún nǹkan kan. Ẹ wà wọ́n. Ìmọ̀ràn mi nìyẹn, mo sì mọ̀ pé kò dùn. Bí ohùn re kan bá gba gbogbo ìdánwò òkè yìí kọjá, owó orí wúrà ni ihò tí ẹ gbẹ́ nítorí rẹ̀.

Ìṣó tó nàró àti bàtà ẹṣin máa ń dún lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara, “pín-pín”. Owó tó bá dúró lórí etí rẹ̀, tí kò sì jìn, lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ yí ká kí ẹ tó fi í sílẹ̀.

Èédú jíjó, tí àwọn ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ onínáà-èédú ayé àtijọ́ dà sórí oko, máa ń fọhùn bí re tó ní kata lọ́fun. Oko mìíràn sì wà tí wọ́n fi ajílẹ̀ tí wọ́n ṣe láti inú pàǹtí ìlú sí: agolo gígé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, fóìlì, bátìrì, gbogbo ìṣísẹ̀ ló ń dún. Ìyẹn kò ní ọgbọ́n kankan. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ onílẹ̀, kí ẹ máa lọ síbòmíràn.

Bí ohun tó dún bá ńlá, tó sì gùn roboto bí ìgò, tàbí tó ní abẹ̀bẹ̀ nídìí, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ rìn jìnnà, kí ẹ pe 999. Àdó olóró Ogun Àgbáyé Kejì ṣì wà nínú ilẹ̀ Kent àti Essex.

Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́

Oṣù kọkànlá ni, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ilẹ̀ tútù máa ń jẹ́ kí ohùn jíjìn gbé sókè díẹ̀, nítorí náà mo ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ dé. Nǹkan kan mí sí mi létí. N kò lè pè é ní ohùn. Bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ mi tó yí èrò padà ni. Ojú ẹ̀rọ ò gbé nọ́ńbà kankan jáde. Mo dá a padà, ó tún un sọ. Mo yí sí ẹ̀gbẹ́, ó tún un sọ, re kan náà, rírọ̀, láìsí ìfọ́fọ̀ọ́ létí rẹ̀. Mo gbé kọ́ìlì sókè ní ìka méjì péré, ó parẹ́.

Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 ni mo gbẹ́ kí ó tó jáde: ìdajì pẹ́nì fàdákà, tín-ín-rín bí ìpẹ́ ẹja, àgbélébùú lẹ́yìn rẹ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 1280, ẹni tó bá fẹ́ ìdajì pẹ́nì á gé odidi sí méjì ni, ojú ìlà àgbélébùú yẹn ni wọ́n sì ń gbà gé e. Fàdákà gidi ni, ṣùgbọ́n nítorí pé ó kéré, ó sì fẹ́lẹ́, kò lè sọ mí. Ẹni tó bá ń retí ohùn fàdákà nípọn kò ní bá a pàdé láéláé.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ohùn ṣe tóbi tó kò já mọ́ nǹkan kan. Pàǹtí òkè ilẹ̀ ló ń pariwo. Bí kékeré kan bá ń sọ ohun kan náà láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, mo máa ń kúnlẹ̀ fún un.

Nígbà tí ẹ bá wà á tán

Ẹ gé koríko bí ìdérí ìkòkò, kí ẹ kó erùpẹ̀ sórí ọ̀rá. Tí ẹ bá ti mú nǹkan jáde, ẹ tún fi kọ́ìlì kọjá lórí ihò. Mo ti yọ ìṣó rí tí ohùn mí tó mọ́ gaara sì jáde lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìṣó yẹn ló ti ń bò ó mọ́lẹ̀.

Bí ihò bá wá ń tú owó jáde lọ́kan-ò-jọ̀kan, ẹ dáwọ́ dúró. Ní oṣù kọkànlá 1992, ní Hoxne ní Suffolk, Eric Lawes lọ wá hámà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sọnù lóko. Fàdákà àti wúrà àwọn ará Róòmù ló bá pàdé. Kò wà á tán. Ó jẹ́ kí wọ́n pe àwọn awalẹ̀pìtàn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ bí wọ́n ṣe to ẹrù náà sínú àpótí. Wọ́n rí hámà náà pẹ̀lú. British Museum ló wà báyìí.

Ẹ dí ihò yín, kí ẹ tẹ koríko padà. Pàǹtí tí ẹ yọ, ẹ kó o sápò, kí ẹ sì tún un gbọ́ nílé pẹ̀lú ojú dídì: òun ni olùkọ́ tó dára jù. Ẹ má dá ìṣó padà sínú ihò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa tún wà á.